Pátákó Ìkọ̀wé Tí N Kò Tíì Rà

Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé mo fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Kubwa ní èdè wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ṣadé ọmọ mi, tí a bí sí Abuja níbí, ló fà á: ó lè bá àwọn Haúsá tó ń ta tòmátò ná ọjà láìtàsé, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá pè láti Ìkirè, ńṣe ni yóò sáré gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

N kò jókòó lásán láàárín ọdún mẹ́ta náà. Mo kọ ètò ẹ̀kọ́ kún ìwé àkọsílẹ̀ méjì, mo wádìí iye tí wọ́n ń ta pátákó ìkọ̀wé ní ọjà Wuse, mo sì pinnu pé n óò kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí nínú èdè Yorùbá, nítorí pé ìṣirò owó ni mo kọ́ ní yunifásítì, àmì ohùn sì máa ń dà mí láàmú. Ohun tí n kò fura sí ni pé ìmúra náà ti di iṣẹ́ lọ́tọ̀, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn ju iṣẹ́ gan-an lọ, nítorí pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀ tó lè bi mí ní ohun tí n kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, ló fòpin sí i. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní, “Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ wọn ní Yorùbá. Àwọn náà rèé. Ọjà ni mò ń lọ ní tèmi.” Kí n tó sọ pé n kò tíì ní pátákó, ó ti wọ kẹ̀kẹ́ Napep lọ.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo kọ̀wé sí lọ́jọ́ náà, àwọn ìbejì àti Ṣadé sì jókòó sórí ẹní. Ètò mi ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí álífábẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òǹkà ni wọ́n fẹ́, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní èdè Haúsá. Títí dé mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ lọ geere. Nígbà tí a dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Táíwò bi mí pé kí ló dé tí òun fi ń gbọ́ ogún nínú rẹ̀, nígbà tí “goma sha biyar” tí àwọn Haúsá ń wí kò ju ẹ̀wá àti márùn-ún lọ. Èmi tí mò ń fi owó kíkà jẹun kò ronú kàn án rí. Mo bá ka ogún ẹ̀pà sílẹ̀, mo ní kí ó jẹ márùn-ún, kí ó sì ka èyí tó ṣẹ́kù. Kẹ́hìndé ní òun náà fẹ́ jẹ. A tún ka ogún, ó jẹ mẹ́rin, a rí mẹ́rìndínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí ẹ̀pà fi tán. Kò sí èyí nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi méjèèjì, kò sì lè sí níbẹ̀, nítorí pé ẹnu ọmọ tó jókòó níwájú mi nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti lè jáde.

Wọ́n tún bi mí nípa àádọ́ta. Mo ní n óò wádìí, ojú sì tì mí díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rí i pé ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, àti pé bí a bá yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, àádọ́ta ló kù.

Ìwádìí yẹn náà ló mú mi pàdé ìtàn kan tí mo fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ọdún 1843 ni wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ọdún 1875 ni C.M.S., ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí àwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́, tó ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi ń kọ ọ́, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, kí wọ́n tó fẹnu kò. Èmi wá ń dúró kí àmì ohùn yé mi tán kí n tó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ení, èjì. Abuja tí mò ń gbé pàápàá, òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní 1976, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó dé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Èkó, tí wọ́n ń kó bọ̀ díẹ̀díẹ̀. (Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀pà tún dé.)

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ ọkọ̀ wà gbé èrò lọ sí Lọ́kọ́ja. Ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ọdún kìn-ín-ní ni iye tí àṣìṣe mi yóò ná ẹlòmíràn. Ẹ̀pà ni.

Àwọn ọmọ náà ti di mẹ́sàn-án báyìí, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà la ṣì ń lò. Ní Sátidé tó kọjá, ìyá mi pè, Ṣadé kò gbé fóònù fún mi. Ó bi ìyá àgbà pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, ìyá mi sì dá a lóhùn pé mọ́kànléláàádọ́rin. Ṣadé dákẹ́, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Màmá, ẹ yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́rin, kí ẹ wá fi oókan kún un.”