Alásè ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbé fóònù yẹn fún

Ọdún kejì tí mo ṣí ilé oúnjẹ mi ni mo ra sọ́fítíwíà àkọ́kọ́ tí a fi ń ṣírò ọjà. Èrò ń wọlé, àwo ń jáde, ṣùgbọ́n tí oṣù bá ti parí, owó tó kù lọ́wọ́ mi kì í jọ iṣẹ́ tí a ṣe. Ẹni tó wá tà á fún mi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi bí ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé. Àwọ̀ mèremère, ìlà tó ń gòkè, iye tó ń yí padà fúnra rẹ̀. Ẹnu dùn ún rofọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni mo buwọ́ lu ìwé àdéhùn ọdún kan.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni sọ́fítíwíà náà fi ń sọ fún mi pé nínú owó 100 tí a bá pa, 29 ni ríra ohun tí a fi ń se oúnjẹ ń gbà. Inú mi dùn. Ọ̀pọ̀ wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ló ń fẹ́ kó wà láàárín 28 sí 35, mo sì gbà pé a ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò kò gbà bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú bírò, mo ṣe é bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ń ṣe é: ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ ro èyí tí ẹ rà mọ́ ọn, ẹ yọ èyí tó ṣẹ́ kù, kí ẹ wá fi owó tí ẹ pa pín in. Ká ní ọjà ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 400, tí a ra 1,100, tí 450 ṣẹ́ kù, 1,050 la lò; tí a bá pa 3,000, ó di 35 nínú 100. Tèmi burú ju ìyẹn lọ. 37 ló jáde. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, 37 náà ni.

Kì í ṣe pé sọ́fítíwíà náà parọ́. 29 tó ń gbé síwájú mi ni iye tó yẹ kí oúnjẹ gbà, bí gbogbo àwo bá lọ bí résípì ṣe wí. 37 ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíṣìnnì. Àárín méjèèjì yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà, torí ibẹ̀ ni ìfiṣòfò, olè, ìwọ̀n tó ju ìwọ̀n lọ àti àṣìṣe tèmi fúnra mi kó ara wọn jọ sí.

Àṣìṣe tèmi ló sì pọ̀ jù. Ẹ wo ẹja. Mo kọ ọ́ sí résípì pé àwo kan ń gba 200 gíráàmù, mo fi iye tí mo ra kílò kan ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé òṣùwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí a fi ń gé e, odidi ẹja kílò 10, lẹ́yìn tí a yọ ìpẹ́, ìfun, orí àti egungun, ó ku 6. Nǹkan tí mo rò pé mo ń rà ní iye kan, iye kan àti bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni mo ń rà á. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ìyẹn sí wà nínú sọ́fítíwíà ọ̀hún o, ó fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́tìnì méjì, n kò sì mọ̀ láti béèrè.

Ti òróró tún dùn mí jù. Páálí wa máa ń ní ìgò 12, lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kó o wá yí i padà sí ìgò tí kò kún lítà, 750 mílílítà. Páálí kò yí padà, 12 náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lítà 9 ló kù. Sọ́fítíwíà ń ka lítà 12 lọ ní tirẹ̀. Lítà 3 ń sọnù lórí páálí kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ń wo ọmọ kan ní kíṣìnnì lójú burúkú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní ọjọ́ díẹ̀ láti dán irú sọ́fítíwíà yìí wò, ẹ má ṣe jẹ́ kí olùtajà fi ọjà tirẹ̀ dán an wò fún yín. Ẹ mú mẹ́ta tó ń fún yín ní wàhálà jù: èyí tí ẹ ń rà ní páálí tí ẹ ń lò ní gíráàmù, èyí tí ẹ ń gé dànù lára rẹ̀, àti ọbẹ̀ kan tí ẹ ń sè sílẹ̀ tó ń wọnú oríṣi oúnjẹ márùn-ún. Ẹ sọ iye owó tòmátò inú ọbẹ̀ náà di ìlọ́po méjì, kí ẹ wò ó bóyá iye oúnjẹ márààrún yóò yí padà. Tí ẹ bá ní láti lọ tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ pa á dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù tí sọ́fítíwíà náà wà lórí rẹ̀ fún ẹni tí yóò máa ka ọjà. Alásè mi mú un wọnú yàrá tútù ní aago mọ́kànlá òru. Nẹ́tíwọ́kì kú bí ilẹ̀kùn irin yẹn ṣe padé. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ṣì ní ọ̀rá lórí, fóònù kò gbọ́ àtẹ̀. A, B, D ni wọ́n fi to orúkọ ọjà, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lórí pẹpẹ la fi ń kà wọ́n. "Ọ̀gá, ṣé kí n máa sáré káàkiri bí ajá ni?" Èsì wo ni mo fẹ́ fọ̀? Kò tó oṣù kan tó fi ń kọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn.

Ní ti orúkọ àwọn sọ́fítíwíà yìí, MarginEdge wà fún ẹni tó fẹ́ máa ya fọ́tò ìwé ọjà tó rà kí wọ́n bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Restaurant365 da ìṣirò owó ilé iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti ọjà, ó wúwo jù fún ilé oúnjẹ kan ṣoṣo lójú tèmi. Toast, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ilé oúnjẹ fi ń gba owó, sì ra xtraCHEF, sọ́fítíwíà tó ń ṣírò iye tí oúnjẹ ń gbà, ní 2021, ẹni tó ń fi Toast gba owó tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹ lè san án lóṣooṣù, bóyá ó ń bá ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba owó sọ̀rọ̀, àti bóyá ẹ lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ yín jáde sí Excel lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ. Èmi ò lè kó tèmi jáde. A tún gbogbo résípì tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tí a ń lò báyìí kò lẹ́wà. Mo mú un torí pé alásè kò pòṣé nígbà tó dán an wò. Alẹ́ kan lọ́sẹ̀ la ń kà, ogún ọjà tó ń gba owó jù nìkan, ìyókù dòpin oṣù. Àárín ohun tó yẹ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ti sún mọ́ 2. Ọmọ tí mo fura sí nítorí òróró ló ń kà á. Mo ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti bẹ̀ ẹ́.