Kí Ni Ìlú Yìí Fẹ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìtàn àròsọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ ìlú kékeré kan láàárín òkè di ẹ̀dá-ìtàn, mo ní ìlú náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárọ̀, ó ń sunkún lásìkò òjò, ó ń nawọ́ sí àlejò. Odidi ojú ìwé mẹ́ta. Ẹni tó ń bá mi yẹ iṣẹ́ wò fi bírò pupa fa igi lé gbogbo rẹ̀, ó wá kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: kí ni ìlú yìí fẹ́? Inú bí mi. Ṣé ìlú náà máa ń fẹ́ nǹkan ni?

Ìfohunpènìyàn ni mo ṣe, ìyẹn ni pé mo gbé ìwà èèyàn wọ ohun tí kì í ṣe èèyàn, mo rò pé òun náà ni ẹ̀dá-ìtàn. Ẹ lè fún òkúta lójú, nímú, lẹ́nu, kó sì jókòó síbẹ̀ gbọnyin títí ìtàn á fi parí. Ẹ̀dá-ìtàn ní ohun tó ń fẹ́, ó ní ohun tó ń kọ̀, ó sì ń mú ẹlòmíràn ṣe ohun tí onítọ̀hún kò gbèrò.

Rjukan ló là mí lójú, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Norway. Inú àfonífojì tó jìn ló wà, òkè sì ga yí i ká débi pé láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹta, oòrùn kì í ràn dé ibẹ̀. Lọ́dún 2013, wọ́n gbé dígí ńlá mẹ́ta sórí òkè, tí ẹ̀rọ ń yí tẹ̀lé oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sí gbàgede àárín ìlú. Ìlú tí òùngbẹ oòrùn ń gbẹ nìyẹn! Kò sídìí láti ní ó ń sunkún. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan rin inú òjìji la àdúgbò bíi mẹ́rin kọjá, kó dé gbàgede, kó bá àwọn èèyàn tí wọ́n dúró láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n dijú, tí wọ́n kọjú sókè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́kọ́ bi òkè léèrè kí n tó bi àfiwé. Òkè ní ààyò. Ẹ̀gbẹ́ kan lè rí oòrùn láti òwúrọ̀ kí èkejì má rí i títí di ọ̀sán. Ní òru tí atẹ́gùn kò fẹ́, òtútù á rọra ṣàn bí omi lọ sí ìsàlẹ̀, ilé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á wá tutù ju èyí tó wà lókè díẹ̀ lọ. Ta ló ń gbé ibi tó móoru? Ta ló ń gbé inú kòtò? Ìjà ìdílé méjì ti dé nìyẹn, ẹ kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nínú ìtàn tí mo padà kọ, obìnrin kan di ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde nílùú. Kùrukùru bò ó mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni òun àti ọkọ fi jókòó sídìí tábìlì kan náà, àpótí nílẹ̀ láàárín wọn. Ìlú ti dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀. Bóyá ó ṣe wọ́n lóore tàbí ó ṣe wọ́n níkà, mi ò sọ, nítorí obìnrin náà gan-an kò mọ̀.

(Ẹ dákun, ẹ má sọ gbogbo ará òkè di ọlọ́kàn rere tí kì í parọ́. Àwọn tó ń gbé ìlú ńlá ló ń rò bẹ́ẹ̀.)

Gbólóhùn kan ṣẹ́ kù nínú àwọn tí bírò pupa fà nù, tí mo jí padà sínú ìwé: lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ìlú náà mí kanlẹ̀. Olùyẹ̀wò mi rí i. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.