Téèpù kì í dúró de akọrin

Orin kan ṣoṣo ni mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ òní gbọ́, ìgbà mẹ́ta sì ni mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Philomel ni orúkọ rẹ̀. Milton Babbitt, olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní ọdún 1964 fún akọrin obìnrin Bethany Beardslee, akéwì John Hollander ló sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Akọrin obìnrin kan ló ń dá dúró lórí ìtàgé, láìsí onídùùrù tàbí onífèrè kankan. Ìró tí a fi ẹ̀rọ ṣe, pẹ̀lú ohùn Beardslee tí wọ́n ti gbà sórí téèpù, ló ń bá a kọ ọ́ láti inú sípíkà.

Ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì ló wà nídìí rẹ̀: ọkọ arábìnrin Philomel fipá bá a lò pọ̀, ó sì gé ahọ́n rẹ̀ kó má bàa lè rojọ́, títí ọmọbìnrin náà fi di ẹyẹ tó ń kọrin lóru. Ìbẹ̀rẹ̀ orin náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìró fáwẹ̀lì lásán ni, lórí téèpù àti lẹ́nu akọrin, bí ìgbà tí ẹnu tí kò láhọ́n ń táràrà kiri láti tún rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, èémí akọrin nìkan ni mo ń ṣọ́. Onídùùrù tó bá rí i pé akọrin fẹ́ mí lè fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n téèpù kò ní etí. Ibi tí wọ́n bá ti fi àyè sílẹ̀ nìkan ni akọrin ti lè mí, àyè náà kò sì pọ̀.

Mo rántí Lonh, orin mìíràn fún ohùn obìnrin àti ìró ẹ̀rọ, tí Kaija Saariaho, olùpilẹ̀ṣẹ̀ orin ará Finland, kọ fún akọrin Dawn Upshaw ní ọdún 1996 lórí ewì ìfẹ́ ọ̀nà jíjìn ti Jaufré Rudel, akéwì ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀, ìró ẹyẹ àti òjò rọra yí ohùn ká, wọn kò lé e. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Síbẹ̀, téèpù aláìgbọ́ràn ti Babbitt ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé ohun tí wọ́n ti gbà lẹ́nu Philomel ló ń lé e bọ̀ láti inú sípíkà, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa kọrin lọ.