Lẹ́tà tí Bàbá fi hàn mí ní Crown Heights

Ọjọ́ tí mo rí i pé mo tún ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn, ilé Bàbá tí mo ń tọ́jú ní Crown Heights, ní Brooklyn, ni mo wà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe lọ́sàn-án, mo sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní alẹ́. Mo ti pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́, n ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fọ abọ́ (abọ́ ẹran lọ́tọ̀, abọ́ wàrà lọ́tọ̀, nítorí Júù tí ń pa òfin mọ́ ni Bàbá), ó wo ojú mi, ó sì ní kí n bá òun gbé fáìlì kan wá.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó. Ojú ibi tí wọ́n ti ká bébà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, níbi tí ó yẹ kí ó parí sí, ẹni tí ó ni ín ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà mẹ́ta sí i ní lẹ́tà Hébérù wẹ́wẹ́, láti ọ̀tún wá sí òsì. Bàbá kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ kan ibẹ̀. Òkè ọ̀rá náà ni ó ti ń tọ́ka sí i.

Rábì Menachem Mendel Schneerson, tí gbogbo àdúgbò náà ń pè ní Rebbe, ni ó kọ ọ́. Ní 1902 ni wọ́n bí i ní Nikolaev, tí ó wà ní Ukraine lónìí. Ó sá fún àwọn Násì dé New York ní 1941, nígbà tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti lé bàbá tí ó bí i lọ sí Kazakhstan, níbi tí bàbá náà kú sí ní 1944. Láti 1951 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1994 ni ó fi jẹ́ olórí àwọn Lubavitch, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Júù kan, ilé tí ó wà ní 770 Eastern Parkway ni ó sì ti ń gba lẹ́tà láti ibi gbogbo lágbàáyé. Àwọn èsì rẹ̀ tí wọ́n ti kó jọ sínú ìwé lé ní 30 ìdìpọ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni Bàbá nígbà náà, ẹ̀kọ́ Tórà, ìwé mímọ́ àwọn Júù, kò sì wọ orí rẹ̀ mọ́. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó lè sọ fún olùkọ́ rẹ̀, ni ó bá kọ̀wé sí Rebbe lóru. Mo rò pé yóò ka ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan fún mi, àfi bí ó ṣe lọ tààrà sí ìlà àkọ́kọ́, tí ó sọ pé lẹ́tà ọmọ náà, tí ó kọ ní ọjọ́ báyìí, ti tẹ òun lọ́wọ́. Ọ̀nà tí Rebbe sábà ń gbà bẹ̀rẹ̀ èsì nìyẹn. Bàbá ní ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ń kà ní àkàtúnkà, pé ẹni tí ayé ń wárí fún mọ ọjọ́ tí òun jókòó sunkún kọ̀wé. Ìlà mẹ́ta tí ó fi ọwọ́ kọ ń rọ̀ ọ́ láti ya àkókò kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ẹ̀kọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ó sì fi kún un pé òun ń retí ìròyìn ayọ̀.

Omi bọ́ lójú mi. N kò gbọ́ èdè náà, n kì í ṣe Júù, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Mo padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé, mo sì yege nígbà tí mo tún ìdánwò náà ṣe.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi ohùn ránṣẹ́ lóru pé máàkì JAMB òun kò tó, àti pé òun kò fẹ́ kàwé mọ́. N kò fèsì lórí fóònù. Mo ra bébà àti ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, mo sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti dé etígbọ̀ọ́ mi.