Kábíyèsí tí wọ́n ní kó wá rojọ́

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé ìdánwò Life in the UK, èyí tí wọ́n máa ń ṣe kéèyàn tó lè di ọmọ ìlú Britain, láàárọ̀ tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ẹni tó ti wá páálí níbí á mọ̀ ọ́n, ìbéèrè 24 ní ìṣẹ́jú 45, o gbọ́dọ̀ gba 18 kó o tó yege. Ṣe ni mo kàn ń há a sórí, àfìgbà tí mo kan Charles Kìíní, ọba England láyé àtijọ́, mi ò wá lè ṣí ojú ìwé yẹn mọ́.

Wọ́n ní ọba yìí gbà pé Ọlọ́run ló fi òun jọba, kò sẹ́ni tó lè bi òun ní nǹkankan. Mo ní hẹn-ẹn, Kábíyèsí nìyẹn! Bàbá ẹ̀, James, ti sọ fún pálíámẹ́ǹtì ní 1610 pé Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ń pe àwọn ọba ní ọlọ́run. Àwa náà ń kí ọba ní aláṣẹ èkejì òrìṣà, ṣùgbọ́n Aláàfin mọ̀ pé Ọ̀yọ́ Mèsì wà ńbẹ̀, tí Baṣọ̀run bá ti ní ìlú kọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Ti Charles, wọ́n wí wí wí, kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ owó pọ̀ nínú ẹ̀, pálíámẹ́ǹtì ò fọwọ́ sí owó tó fẹ́ gbà, ló bá tú wọn ká ní 1629, ọdún 11 ló fi dá ìlú ṣe, tó ń gba owó ọkọ̀ ogun ojú omi lọ́wọ́ àwọn tí ò gbé létí òkun rárá.

Ìgbà tó yá, ní January 1642, ó kó sójà lọ sí ilé Commons, ilé aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn, òun fúnra ẹ̀ wọlé, ó fẹ́ mú márùn-ún nínú àwọn aṣòfin ibẹ̀. Wọ́n ti sá. Ó bi Lenthall tó jẹ́ Speaker, olórí ilé náà, pé ibo ni wọ́n wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó ní òun ò lójú tóun fi ń ríran, òun ò láhọ́n tóun fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àfi bí ilé bá ṣe ní kóun ṣe. Ẹ wò ó, ó bọ̀wọ̀ fọ́ba tán, síbẹ̀ kò dalẹ̀ àwọn èèyàn ẹ̀. Títí dòní ọba kankan ò tún wọ yàrá yẹn mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jókòó ṣèpàdé. Ọ̀rọ̀ náà dogun láàárín Charles àti pálíámẹ́ǹtì, wọ́n ṣẹ́gun ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ kóòtù.

Lọ́jọ́ kan tí mi ò lọ síṣẹ́ mo lọ sí títì Whitehall ní London, mo dúró síwájú Banqueting House, gbọ̀ngàn àsè àwọn ọba àtijọ́. Charles yìí ló ní kí Rubens ya àwòrán sí àjà ilé náà, tí wọ́n ń gbé bàbá ẹ̀ lọ sọ́run. Abẹ́ àwòrán yẹn ni wọ́n mú un gbà lọ síbi tí wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí ní 30 January 1649. Èèyàn 59 ló fọwọ́ sí ìwé ikú ẹ̀. Ní kóòtù kò rojọ́, ó kàn ń bi wọ́n ta ló fún wọn láṣẹ. Òtútù mú lọ́jọ́ náà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì kí wọ́n má bàa rò pé ẹ̀rù ló ń gbọ̀n ọ́n. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Tẹ́ ẹ bá wo aago Horse Guards tó wà ní òdìkejì títì, àmì dúdú kan wà níbi aago méjì, wákàtí tó kú nìyẹn.

Orí tí wọ́n bẹ́ ò sì yanjú ẹ̀ o, torí Cromwell, ọ̀gá ọmọ ogun pálíámẹ́ǹtì, náà lé pálíámẹ́ǹtì jáde ní 1653, ọmọ Charles sì padà wá jọba ní 1660. Ìwé Bill of Rights ti 1689 gan-an ló wù mí jù, tó ní ọba ò gbọdọ̀ dá òfin dúró, kò gbọdọ̀ gba owó orí láìjẹ́ pé pálíámẹ́ǹtì fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tá a búra láti di ọmọ ìlú Britain, fọ́tò ọba wà lára ògiri, Charles lorúkọ tòun náà, ìkẹta. Obìnrin tó ń darí wa ń kà á díẹ̀díẹ̀, a ń tẹ̀ lé e, pé a ó jẹ́ olóòótọ́ sí ọba àtàwọn tó máa jọba lẹ́yìn ẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni "according to law", bí òfin ṣe wí. Àwọn kan ti ń wo ẹ̀yìn níbi tí ẹbí wọn ti gbé fóònù dání. Èmi fara balẹ̀ pè é, ó dún débi tí ọmọ mi gbójú sókè wò mí.