Ìbọn Afẹ́fẹ́ àti Ikún: Ohun Tí Oko Ọ̀nà Ajáàwà Kọ́ Mi

Bí ikún bá ti mọ ojú ọ̀nà oko ẹ̀pà, ọkàn àgbẹ̀ tó gbìn ín kò ní balẹ̀ mọ́ títí yóò fi kórè. Ọ̀nà Ajáàwà ni oko wa wà, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀pà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la ń gbìn láàárín àwọn igi kajú, kò sì sí èyí tí kò ní ẹranko tirẹ̀ nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń padà sóko báyìí ń wo fídíò ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ ta ọta dípò ẹ̀tù, lórí fóònù, wọ́n á wá bi mí bóyá kí àwọn rà á. Ìbọn náà wúlò fún mi gan-an. Ṣùgbọ́n ẹranko tó wà fún kò pọ̀, ohun tó sì yẹ kí ènìyàn mọ̀ kó tó gbé e dání kò kéré.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jẹ yín lóko. Bàbá ọdẹ kan ní abúlé wa ló fi èyí yé mi. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi wo ohun tó ń ba oko jẹ́, mo rò pé wọ́n á gbé ìbọn wá. Ọwọ́ lásán ni wọ́n dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ láti ebè dé ebè.

“Wò ó, ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ibi tí wọ́n ti fi èékánná hú irúgbìn, tí èèpo ẹ̀pà fọ́n ká síbẹ̀ yìí, ikún ni. Ojúmọmọ ló ń wá. Àgbàdo tọ̀hún yẹn, tí wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi àdá gé e, tí wọ́n tún gé e sí kéékèèké sílẹ̀, ọ̀yà nìyẹn. Òru ni tiẹ̀. Ìbọn wo lo fẹ́ fi jókòó dè é?”

Mo ní, “Bàbá, èyí tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ lókè, tí wọ́n jẹ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?” Wọ́n gbójú sókè sí igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ti fa imọ̀ rẹ̀ ya pátápátá. Wọn ò dá mi lóhùn, èmi náà ò sì tún béèrè.

Ikún, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ máńgòrò àti ẹyìn ọ̀pẹ, àdàbà tó ń ṣa irúgbìn, àti eku inú àká: àwọn tí mò ń lo ìbọn afẹ́fẹ́ fún nìyẹn. Ọ̀yà kò sí níbẹ̀. Akọ ọ̀yà tó ti dàgbà lè wọ̀n ju kílò 4 lọ, ọta ìbọn afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ tó 5.5 mm kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 1 lọ. Bí ẹ bá yìn ín lu ọ̀yà, ẹranko náà á gbé ọgbẹ́ sá wọgbó, á lọ máa jẹ̀rora kú síbi tí ẹ ò ní rí i. Mi ò fara mọ́ kí a máa dá ẹranko lóró, ìbáà ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa lórí ọ̀yà ni pàkúté, àti etí oko tí a ro mọ́ tónítóní. A máa ń fi àlàfo tó tó mítà 3 sílẹ̀ láàárín igbó àti ebè àkọ́kọ́. Inú koríko gíga ni ọ̀yà ti ń rí ibi sá pamọ́ sí, kì í fẹ́ la gbangba kọjá.

Ẹ̀gà náà kọjá agbára ìbọn. Nígbà tí ọmọ àgbàdo bá ṣì ń ṣomi, ọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń bá wọlé. Ẹ pa ọ̀kan, àwọn yòókù á fò lọ sórí igi, wọ́n á sì ti padà kí ẹ tó ki ọta míì. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé àwa tí oko wa pààlà jọ gbìn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí oko ẹnì kan má baà dá gbó de ẹyẹ. Àwọn ọmọ á máa lu agolo láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àwa náà á sì yára kórè. Ọ̀bọ ńkọ́? Ẹ má yìnbọn afẹ́fẹ́ sí i rárá.

Ọ̀rọ̀ òwìwí dùn mí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́. Bí wọ́n bá ti gbóhùn rẹ̀ lálẹ́, òkò ló kàn, ẹni tó bá sì ní ìbọn á gbé e. Bẹ́ẹ̀, eku ni olórí oúnjẹ òwìwí. Èyí tó ń gbé inú ihò igi lẹ́bàá àká yín ń bá yín ṣọ́ àgbàdo lóru ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi lékèélékèé sílẹ̀ pẹ̀lú, kòkòrò ló ń ṣà jẹ. Igún tí a máa ń rí níbi àlapatà nígbà tí a wà ní kékeré ti ń tán lọ. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó súnmọ́ ìparun jù lọ láyé.

Májèlé tí wọ́n fi ń pa eku náà ń pa irú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Àwọn kan máa ń po ọ̀tápíápíá mọ́ àgbàdo, wọ́n á fọ́n ọn sẹ́nu ihò. Eku á jẹ ẹ́, á kú. Ajá tàbí òwìwí tó bá jẹ òkú eku náà lè bá a lọ. Adìẹ á sì ṣa èyí tó kù nílẹ̀. Ìdí pàtàkì tí mo fi yan ìbọn afẹ́fẹ́ nìyí: mo rí ohun tí mo fẹ́ pa kí n tó pa á.

Ẹ̀yin tó ń wo fídíò, ẹ dákun, ẹ gbọ́ ti òfin. Púpọ̀ nínú àwọn fídíò yẹn, England ni wọ́n ti yà wọ́n, níbi tí ẹni tó ti pé ọdún 18 ti lè ra ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò kọjá 12 ft-lb (ìwọ̀n agbára tí ọta fi ń jáde) láìgba ìwé àṣẹ. Scotland tó bá wọn pààlà kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìparí 2016 ni ìwé àṣẹ ti di dandan níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Firearms Act ti 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ìbọn oníkátíríìjì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in láìgba láísẹ́ǹsì lábẹ́ àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Ẹni tó ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Kò ní bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹ lọ bá ọlọ́pàá kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà.

Ìwé nìkan kò tó nínú igbó tiwa. Láti ọdún 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì ń ṣọ́ra nítorí àwọn ajínigbé, ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ lè di wàhálà kí ó tó ráyè ṣàlàyé. Mo fi tó baálẹ̀ létí, mo fi tó àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò létí, mo sì fi oko tí mo ti ń lò ó hàn wọ́n. Tí mo bá gbé e sórí ọ̀kadà, inú àpò ló ń wà, láìsí ọta nínú rẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì wà lára mi.

Ìbọn tèmi jẹ́ onísípíríǹgì, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó ki ọta. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù rọ afẹ́fẹ́ sínú táǹkì wọn ṣáájú. Ìyẹn rọrùn láti fi ba nǹkan, torí kì í fì. Ṣùgbọ́n bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ń jò, ẹ ní láti wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ìyẹn ò sì rọrùn lọ́dọ̀ wa. Nínú ọta 4.5 mm àti 5.5 mm, ẹ mú 5.5 mm fún ikún. Èyí kékeré ń sáré jù, ó sì ń lọ tààrà jù, ṣùgbọ́n èyí ńlá ló ń gbúnni jù. Ẹ ra olórí ròbótó. Olórí pẹrẹsẹ kì í lè rìn jìnnà kó má ṣìnà.

Bí ẹ bá ṣẹ́ ọ̀pá náà wálẹ̀, ẹ dì í mú ṣinṣin títí ẹ ó fi dá a padà, torí bó bá já nígbà tí ìka yín wà níbẹ̀, ó lè gé e. Ẹ má yìn ín lófìfo láé, irin inú rẹ̀ á máa kọlu irin, sípíríǹgì á sì bàjẹ́. Ẹ má sì rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ lójijì máa ń gbóná débi pé ọ́ìlì náà lè gbiná nínú rẹ̀.

Ohun tó ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Onísípíríǹgì máa ń fì sẹ́yìn, á tún fì síwájú, kí ọta tó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá gbá a mú pinpin, tàbí tí ẹ gbé ọ̀pá rẹ̀ lé àpáta, ibi tí ẹ wò kọ́ ni yóò bà. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó jókòó lé, wẹ́rẹ́. Mítà 25 ni mo to awò tí mo fi ń wo ohun tí mo fẹ́ yìn sí, kí ibi tí mo bá wò níbẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ọta á bà. Awò wà lókè ọ̀pá ìbọn, nítorí náà ohun tó bá wà nítòsí gan-an, bí eku tó wà ní mítà 5 nínú àká, ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ wò ni ọta á bà. Ẹ ní láti gbé ojú sókè díẹ̀.

Ìdérí ìgò mínírà ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà lórí ikún, láàárín ojú àti etí, kò tóbi jù ú lọ. Ẹ to ìdérí sórí ebè, ẹ jókòó bí ẹ ó ṣe jókòó lóko gan-an, kí ẹ máa yìn ín. Ibi tí ẹ bá ti ń ba gbogbo wọn láìtàsé, ibẹ̀ ni òpin ibi tí ẹ ti lè yìnbọn sí ẹranko. Bó bá jẹ́ mítà 15, ẹ fara mọ́ 15. Èmi kì í kọjá 25, ìbáà jẹ́ pé ikún náà dúró ń wò mí.

Ọta tó bá tàsé lè rìn ju mítà 200 lọ. Ní ilẹ̀ tiwa, yangí àti àpáta pọ̀, wọ́n sì máa ń dá ọta padà síbi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Mo kan pèpéle igi kan tó ga tó èjìká, orí rẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Láti ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ọta ń lọ, sínú ebè. Bí ikún bá gun orí ògán lọ nàró, tó jẹ́ pé ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò ní yìn ín. Lákòókò kajú, láti Fẹ́búárì títí wọ Méè, àwọn obìnrin àti ọmọdé máa ń bẹ lábẹ́ igi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ ò ní rí wọn. Mi ò tilẹ̀ ń kọjú ìbọn síhà ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn darandaran pẹ̀lú máa ń yọ lójijì.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbíngbìn ni ìjà ikún le jù, torí irúgbìn inú ilẹ̀ ló ń wá. Ó tún di ìgbà tí ẹ̀pà bá ń gbó. Ikún kì í tètè jí. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀, á yọ. Nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, á wọ ihò lọ, á tún jáde nírọ̀lẹ́. Ẹ wá ihò rẹ̀ ṣáájú, ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá yín, ẹ má mira. Ó máa ń sáré díẹ̀, á dúró nàró wò yíká. Ìgbà tó bá dúró yẹn ni. Bí ẹ bá ti pa èyí tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, tí ẹ sì dí ihò náà, ẹ lè rí ìsinmi fún ìgbà pípẹ́. A máa ń jẹ ikún ní tiwa, ṣùgbọ́n òjé ni ọta, ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ọta mú, kí ẹ tó jẹun.

Eku inú àká ò ṣe é jẹ. Eku tó ń gbé ibà Lassa kiri máa ń wọ ilé àti àká, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń kó àrùn náà ran ènìyàn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ẹ tó mú òkú rẹ̀, ẹ sin ín jìn. Ẹ má gbá ìgbẹ́ rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi omi tí ẹ po bílíìṣì mọ́ rin ín ná, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Ẹ má yìnbọn sínú àká onípáànù, ọta á máa ta káàkiri. Àpò onípele mẹ́ta tí a ń kó ẹ̀wà sí ń ṣẹ́gun kòkòrò, ṣùgbọ́n eku lè gé e lu, nítorí náà dírọ́ọ̀mù onídèérí ni àgbàdo tiwa ń wà. Láti ìgbà tí a ti kó o sínú rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí n tó tún rí eku tí màá yìnbọn sí nínú àká.