Ẹ kúulé o, lójú irin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, bá mú mi lọ sọ́jà, tí a bá ti dé ojú irin, wọ́n á dúró, wọ́n á tẹ orí ba díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kúulé o." Mo rò pé àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ni wọ́n ń kí.

Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. "Ọlọ́sàn kẹ̀? Ilé wa nìyẹn."

Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó wọ Òṣogbo ní 1907. Gbogbo wa la mọ ohun tó kó wọ̀lú: ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, oníṣòwò, àlejò lóríṣiríṣi. Ẹ̀yìn ìlú ni agbo ilé wa wà nígbà náà, àárín rẹ̀ gan-an sì ni irin gbà kọjá. Ọmọ bí ọdún mẹ́fà ni bàbá Ìyá Àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n kó kúrò. Ẹyin adìyẹ tó ń sàba ni wọ́n kó sínú igbá fún un. Títí bàbá fi darúgbó ni wọ́n ń sọ ọ́ pé òun ò fọ́ ẹyọ kan.

Ìyá wọn ru ọlọ. Ọlọ náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo lọ fọwọ́ kàn án: àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú bí abọ́, ó ń dán, etí rẹ̀ kan ti ya.

Òkú ni wọn ò rí rù. Inú ilé kúkú ni àwọn àgbà wa ń sin òkú sí. Bàbá tó tẹ agbo ilé dó wà nínú yàrá rẹ̀, ìyáálé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí wọn ni wọ́n da òkúta lé, tí wọ́n tẹ́ irin sí. Ó dùn mí wọra.

Mo wá orúkọ agbo ilé wa nínú ìwé àtijọ́ títí, n ò rí i. Ni mo bá mú bírò, mo jókòó ti Ìyá Àgbà. Wọ́n fi ọ̀pá ya ilé náà sórí iyanrìn bí bàbá wọn ṣe máa ń yà á fún wọn: yàrá mọ́kànlá, ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìlà oòrùn.

Lọ́jọ́ Sátidé a jọ lọ. Koríko ti bo irin lápá kan. Wọ́n na ọ̀pá: "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyí."

Mo bọ́ bàtà mi kí n tó kọjá.